Obìnrin tí Ọ̀dà Kò Lè Tàn Jẹ: Ìgbésí Ayé Ìyá Kànánwò, Ayẹkọ̀wò

Ní ọdún 1946, nínú ilé kan tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ wọ etí omi, ni a bí olóògbé, ìyá rere, aya àtàtà, ayẹkọ̀wò tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Kànánwò. Káfíńtà tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Aránṣọ tó ń rán tìmùtìmù ìjókòó ọkọ̀ ni ìyá wọn. Bàbá bàbá wọn pẹ̀lú, ọkọ̀ ni wọ́n kàn jẹun. Ẹni tó bá wá ọmọ ìdílé yìí délé tí kò bá a, etí omi ni kó yà sí, yóò bá a níbẹ̀ tòun ti ọ̀dà lára. Màmá ni ọmọ kejì láàárín mẹ́rin, àwọn nìkan sì ni obìnrin. Ìdílé náà kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni jẹun.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Orí wọn pé, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ máa ń fẹjọ́ wọn sùn pé wọ́n ń kan tábìlì kíláàsì kiri, wọ́n ń sọ èyí tí kò ní pẹ́ wó. Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ wọ́n lára jù lọ, ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ wá bá bàbá wọn, ó ní kí wọ́n kùn ún lọ́dà, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bàbá Káfíńtà rí pákó kan tó ti là, wọ́n sì sọ fún un. Ó ní ọ̀dà ni òun wí. Wọ́n bá kùn ún. Ìgbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ gbéra, àárín omi ló ti kún. Kò sẹ́ni tó bómi lọ, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n Màmá dúró lẹ́bàá bàbá wọn nígbà tí wọ́n ń fa àwọn ènìyàn náà gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò bá Bàbá Káfíńtà wí, síbẹ̀ ẹkún ni wọ́n ń sun. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ọmọ wọn létí pé ọ̀dà kì í dí ihò.

Lẹ́yìn ilé ìwé girama, Màmá lọ kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ ní èbúté, obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún wọn ní orúkọ tí wọ́n jẹ́ títí dọjọ́ ikú. Bí ọ̀gá bá béèrè pé báwo ni ọkọ̀ kan ti rí, àwọn yòókù á máa wo ìrísí rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Màmá a ní, “Ẹ jẹ́ ká kàn án wò ná.” Ní 1969 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀rí wọn, bàbá wọn sì gbé e kọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo oníbàárà ti lè rí i, ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Ọdún 1971 ni Màmá ṣe ìgbéyàwó. Olówò ọkọ̀ ìgbafẹ́ àlòkù ni ọkọ wọn, àwọn oníbàárà sì ń pè wọ́n ní Ẹlẹ́nu Oyin. Kí ìgbéyàwó tó dé, Bàbá, ìyẹn ọkọ wọn yìí, gbé ọkọ̀ kan wá fún àyẹ̀wò, Màmá ní kí wọ́n máa gbé e padà lọ. Bàbá gbé òmíràn wá, ìyẹn náà padà sílé. Ẹ̀kẹta yege. Bàbá wá jẹ́wọ́ pé àwọn kò ní ọkọ̀ tí àwọn lè fi ṣàwáwí mọ́, ara àwọn ni àwọn gbé wá báyìí. Màmá dá wọn lóhùn pé, “Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kàn yín wò.” Odindi ọdún kan ni Màmá fi kàn wọ́n wò kí wọ́n tó gbà. Olúwa fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ, obìnrin méjì, ọkùnrin méjì.

Tọkọtaya náà ṣí ilé ìtajà kan létí omi, àtíbàbà onípáànù ńlá tí ọkọ̀ máa ń tò sí lórí igi, tí òórùn ọ̀dà àti epo kò kúrò níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Bàbá ń tà, Màmá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ méjèèjì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn ṣọ̀rẹ́. Àwọn àgbà ló wí pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni Bàbá ti fi ẹnu dídùn mú wálé tí Màmá sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lé lọ. Bàbá á binú títí di àkókò oúnjẹ alẹ́, wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ìyẹn náà ti lọ nìyẹn.” Màmá á ní, “Ó lọ láàyè, Bàbá wọn.”

Ẹbí fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wá ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn yìí mọ bí Màmá ti ń ṣiṣẹ́ wọn. Bí ọkọ̀ àlòkù bá ti pẹ́ nílẹ̀, ohun tó ń ṣe é kì í hàn síta. Ẹni tó ń tà á á fọ̀ ọ́, á kùn ún, á pààrọ̀ tìmùtìmù, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Màmá a bọ́ bàtà, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ ọkọ̀ ti ń rọ̀. Wọn a mú òòlù kékeré olórí rọ́bà, wọn a máa kàn án láti imú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí dókítà tó ń kan àyà aláìsàn. Ibi tó bá dún kó, kó, kó, ó yè. Ibi tó bá dún pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbá ìrọ̀rí, omi ti wọ igi inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì so kọ́ ni wọ́n máa ń kàn pẹ́ jù, nítorí bí igi ibẹ̀ bá rà, ẹ́ńjìnnì lè ya kúrò lójijì, kí omi sì gba ojú ihò náà wọlé kí ọlọ́kọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọn a gbóòórùn abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ bóyá epo ń jò síbẹ̀, wọn a sì fa okùn gbogbo ẹ̀wù amúniléfòó bí ẹni ń jà.

Tí gbogbo èyí bá parí, òfin kan ló kù, Màmá ló sì ṣe é: ẹni tó ń tà á ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bàbá kò mọ odò wẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó jáde ní àtíbàbà yẹn tí Bàbá kò wọ̀ yí etí omi ká, fìlà lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì lára ọkọ̀, ojú wọn le koko. Àwọn oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín, ọkàn wọn á sì balẹ̀.

Òfin yìí kan náà ló fa ìdààmú tó tóbi jù lọ ní ayé Màmá, ẹbí kò sì ní fò ó, nítorí ẹni tó bá fò ó kò tíì mọ ẹni tí à ń sin lónìí.

Ní 1998, àkọ́bí wọn obìnrin, olùkọ́ ni, fẹ́ lọ sílé ọkọ. Bàbá ọkọ rẹ̀ ni ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Oníbúrẹ́dì, ènìyàn iyì, ọlọ́yàyà, tó fẹ́ràn kí ayé rí ohun tí òun ṣe. Bàbá Oníbúrẹ́dì fẹ́ kí ọkọ̀ ìgbafẹ́ gbé ìyàwó àti ẹbí méjèèjì kọjá lórí omi lọ sí gbọ̀ngàn àsè. Ọwọ́ ta ni wọ́n á ti rà á bí kò ṣe lọ́wọ́ àna wọn? Bàbá ní ọkọ̀ funfun kan nílẹ̀, ó fẹ̀, ìlà búlúù yí i lára ká, ó wu ojú. Ṣùgbọ́n Màmá kò sí nílé. Wọ́n ti lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìlú mìíràn. Àna ń kánjú, Bàbá kò sì fẹ́ kí àna dúró. Bàbá bá ṣe ohun tí òfin wí. Wọ́n wọ ọkọ̀ náà, àwọn nìkan, jẹ́jẹ́, wọ́n yí etí omi ká, wọ́n padà wá, omi kò sì kàn wọ́n lára. Wọ́n ní, “Mo ti wọ̀ ọ́, ó dára.” Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé àna lọ́wọ́.

Àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe nílé mìíràn nìyí, nítorí kò sí ilé mìíràn tó ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Bàbá ti wọ ọkọ̀ títí wọ́n fi gbàgbé pé wíwọ̀ ló ń parí àyẹ̀wò, kì í ṣe òun ni àyẹ̀wò. Ọkọ̀ tó gbé ọkùnrin kan jẹ́jẹ́ ni wọ́n fẹ́ kó odindi ẹbí sí.

Màmá dé lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an, wọ́n sì bá Bàbá lọ kí àwọn àna wọn. Ọkọ̀ náà wà níwájú ilé lórí kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò ń fà, wọ́n ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé e sómi láti fi dánra wò: ìyàwó àti ọkọ rẹ̀, ìyá méjèèjì, ìyá àgbà tó bí Bàbá Oníbúrẹ́dì, àti àwọn ọmọdé ilé. Màmá wọ aṣọ ńlá, wọn kò mú òòlù dání. Wọ́n kàn rìn yí i ká bí àlejò tó ń yẹ́ onílé sí, wọ́n sì fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀. Pọ̀. Wọ́n sún díẹ̀, wọ́n tún kàn án. Pọ̀. Bàbá ń wo ojú wọn látòkèèrè.

Bàbá súnmọ́ wọn. “Ìyá àwọn ọmọ, jọ̀ọ́, jẹ́ ká délé ná. Àna lèyí.”

“Àwọn ọmọdé ti ń gùn ún, Bàbá wọn. Ẹ wò wọ́n.”

Màmá lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Oníbúrẹ́dì, wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí etí kẹta má gbọ́. “Àna wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sómi lónìí. Igi tí ẹ́ńjìnnì so kọ́ ti rà.” Bàbá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ohùn òkè dáhùn. “Àna mi ò mọ ìgbà tí iṣẹ́ ń parí. Ọkọ yín ló tà á fún mi, wọ́n sì ti wọ̀ ọ́ fúnra wọn.” Gbogbo ilé bá wọn rẹ́rìn-ín. Màmá bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá Oníbúrẹ́dì ní kí awakọ̀ gbé mọ́tò wá, kí wọ́n máa fà á lọ.

Nígbà náà ni Màmá mú irin tí wọ́n fi ń tú síkúrúù nínú àpótí awakọ̀, wọ́n sì tì í bọ ẹ̀yìn ọkọ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó wọlé dé ọwọ́ láìdún. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, omi dúdú tẹ̀ lé e, igi tó bá a jáde rí bíi búrẹ́dì tó ti bọ́ sómi. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó sì mì bí eyín arúgbó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá Oníbúrẹ́dì béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ kó ìyá òun sínú rẹ̀ nìyẹn. Níṣojú gbogbo àlejò ni Bàbá Oníbúrẹ́dì ti sọ pé kò sí ìgbéyàwó mọ́.

Nílé, kálukú ló ní tirẹ̀ láti wí. Àbúrò Bàbá kan sọ pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ó ní Màmá ti ta ọkọ wọn lọ́pọ̀ lójú àna. Màmá fara da ìyẹn. Ọ̀rọ̀ Àkọ́bí ni wọn kò rí fara dà. Ó jókòó síwájú wọn pẹ̀lú ojú tó ti wú fún ẹkún, ó ní, “Màámi, ṣé ẹ ò lè yọ bátìrì ẹ̀ níkọ̀kọ̀ ni? Ṣé ẹ ò lè tú họ́ọ̀sì epo ẹ̀, kó kàn má ṣiṣẹ́, ká sọ pé ó yọnu, kí ọjọ́ yẹn kọjá?”

Màmá rò ó títí. Wọ́n ní, “Kò wá sí mi lọ́kàn, ọmọ mi.” Òtítọ́ ni, òtítọ́ náà sì dun ọmọ náà ju irọ́ lọ. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ọ̀nà láti fi ohun tó fara pa mọ́ hàn, kò rántí pé ènìyàn lè fi nǹkan pa mọ́ fún ire.

Màmá lọ sí ilé búrẹ́dì náà, wọ́n kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ìyẹ̀fun bò, níwájú àwọn òṣìṣẹ́. “Ìtìjú tí mo kó bá yín, ẹ forí jì mí. Ihò tí mo dá sí ọkọ̀, mi ò lè tọrọ àforíjì lórí ìyẹn.” Bàbá Oníbúrẹ́dì ń to agolo búrẹ́dì wọn lọ bí ẹni tí kò rí ènìyàn. Màmá padà lọ, wọ́n tún padà lọ. Bàbá ló wá fi ayùn gé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, wọ́n gbé e lọ bá àna, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni, àwọn ni kò kàn án wò. Bàbá Oníbúrẹ́dì fi ìka méjì fún igi náà, ó rún wómúwómú sílẹ̀. Wọ́n béèrè ibi tí ìyá wọn ì bá jókòó sí. Bàbá sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí ibẹ̀ ni ìjókòó tó ní ìfẹ̀yìntì wà. Bàbá Oníbúrẹ́dì fọwọ́ gbá èérún igi náà jọ, wọ́n sì ní kí Bàbá bá àwọn kí Màmá nílé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìgbéyàwó náà wáyé lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó mọ níwọ̀n, ayọ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti yí láàárín ìyá àti ọmọ. Àkọ́bí kò ṣàìgbọ́ràn, kò fi ohunkóhun du ìyá rẹ̀. Ó ń kí wọn, ó ń tọ́jú wọn, ó ń kó ọmọ wá fún wọn rí. Kò kàn jókòó tì wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí fi rí bẹ́ẹ̀, ó sì dun Màmá wọra.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá jẹ́ ẹni tó dúró ṣinṣin. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn wọn kò dùn, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ dé. Nígbà tí ìjọ ra ìjókòó tuntun, Màmá ti bọ́ bàtà, wọ́n ti ń kàn án wò, kí àdúrà ìyàsímímọ́ tó parí. Ní ti iṣẹ́ ìlú, wọ́n máa ń gbé àga lọ sí etí omi ní gbogbo àkókò ìsinmi, wọ́n a máa yẹ ẹ̀wù amúniléfòó wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ á máa sọ fún ara wọn pé kí àwọn tètè lọ kí Ìyá Kànánwò tó dé, wọ́n á sì ti bá Màmá níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin àti ọmọdé ní odò wíwẹ̀. Bàbá nìkan ni kò gbà kí wọ́n kọ́ àwọn.

Ọdún 2021 ni àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú. Nígbà tó le, Àkọ́bí gbé wọn lọ sílé rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó lè máa tọ́jú wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bó ti ń fi òróró pa wọ́n lẹ́sẹ̀, ó bi wọ́n ní ohun tí kò tíì bi wọ́n rí. “Màámi, tó bá jẹ́ pé kò sí nǹkan tí ì bá ṣe wá lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Tá a bá lọ, tá a sì bọ̀?”

Màmá kò bínú. Wọ́n ní, “Ó ṣeé ṣe. Ọkọ̀ míì a máa tàn wá jẹ, èyí tó ti rà á gbéni lọ, á gbéni bọ̀. Mo ti rò ó tó ọjọ́ mẹ́ta.” Wọ́n sinmi díẹ̀, nítorí èémí kò tó wọn mọ́. “Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹ́ dán an wò.”

Àkọ́bí ń pa òróró náà lọ, ó ń wá ohun tí yóò sọ, kí ó tó rí i, Màmá ti sùn. Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ní 2023, ni wọ́n re ibi àgbà ń rè.

Ẹ̀yìn Màmá dára. Wọ́n fi ọkọ sáyé, Ẹlẹ́nu Oyin, tí wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ọjọ́ tí ìyàwó wọn ti lọ. Wọ́n fi àbúrò ọkùnrin kan sílẹ̀, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Ẹbí bẹ̀ yín kí ẹ wo àwọn tó jókòó níwájú. Àkọ́bí nìyẹn, ọkọ rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn mẹ́rin ló tẹ̀ lé wọn, a kò tíì bí ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ yẹn. Ìyá àgbà lo ọdún mẹ́sàn-án sí i, orí ibùsùn wọn ni wọ́n kú sí. Nínú àwọn ọkùnrin tó gbé pósí Màmá wọlé, méjì jẹ́ ọmọ kékeré tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ funfun náà.

Ẹbí kò lè búra pé ọkọ̀ náà ì bá rì. Màmá pàápàá kò búra. Àkọ́bí ló bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ èsì rẹ̀ síbí, nítorí kò rí i sọ nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́: Màámi, ẹ ṣeun tí ẹ ò fi mí dán an wò.

Ẹ sinmi, Ìyá Kànánwò. Kí Elédùmarè tu ọkọ tí ẹ fi sílẹ̀ nínú, kí Ó dá àwọn ọmọ sí, kí Ó sì fún yín ní oorun ire.